Mo Wá Gí Dé Ìlọrin

Ọmọ ọmọ mi, Ìrètíọlá, ló fi ṣíbí yọ ọ́
bí ẹni ń yọ ìgbín nínú karawun.
Adìẹ gbé e mì kí n tó dìde lórí àga.
A ò sì lè torí bọ́tìnnì kan pa adìẹ tó ń yé.

Báyìí ni Gí ṣe lọ lẹ́nu kọ̀ǹpútà alágbèéká mi,
èyí tí mo rà lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì.
Rọ́bà ìdí rẹ̀ nìkan ló kù, ó yọrí funfun
bí eyín ọmọ ọwọ́.
Mo fi ìdí báírò tẹ̀ ẹ́: nígbà mìíràn a jẹ́,
nígbà mìíràn a ṣe bí ẹni pé wọn ò pè é.

Èmi sì ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Òkè-Onígbìn.
Ẹ wo lẹ́tà tí mo kọ sí ìjọba ìbílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kànga
(ẹ̀rọ mi ò mọ àmì ohùn):
àgbà ìlú di àbà ìlú,
ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn di ibà ẹ̀ẹ̀rùn,
ẹgbẹ́ wa di ẹ̀bẹ̀.
Ìyẹn ò kúkú jìnnà sí òótọ́.
Nígbà tó yá, mo ń lọ yá Gí nínú lẹ́tà àtijọ́,
mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ níkọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń fi ìdérí ìgò pọnmi kún àmù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo wọkọ̀. Ọmù-Àrán, Òró, Àjàṣẹ́,
mo gbé e lé itan bí ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá.
Ní Táíwò, ọmọkùnrin kan wò ó, ó ní,
"Bàbá, ẹ̀rọ yìí ti dàgbà. Wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́."
Mo ní, "Èmi náà ńkọ́?"
Ẹnì kejì ní kí n ra odindi pátákó bọ́tìnnì,
ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà.
Ẹni tí eyín kan ká lẹ́nu rẹ̀,
ṣé orí tuntun ni wọ́n ń bá a rà?
Ẹnì kẹta ní Gí. Gí dúdú, Gí tó ń dán,
ó jọ tèmi bí Táyé ṣe jọ Kẹ́hìndé.
A gbé e lé e. Kò wọlé.
A yí i padà. Kò wọlé.
Ìkọ́ tèmi tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n kọjú síra;
ìkọ́ tirẹ̀ fẹ̀, wọ́n kẹ̀yìn síra.
Ojú jọra, ìdí ò jọra.
Mo ti rí irú ìyẹn nínú ìgbéyàwó.

Ṣálẹ́ńjì ni mo ti bá Kúdúsì lábẹ́ agboòrùn pupa,
abọ́ ike níwájú rẹ̀, òkú bọ́tìnnì kún un.
Ó rú u títí. Ó dìde, ó lọ kírun Alásárì, ó padà,
ó tún wo ẹ̀rọ mi bí ẹni ń wo ẹnu ọmọ tó ń hu eyín.
"Bàbá, èdè wo lẹ fi ń kọ lẹ́tà yín?"
Mo ní Yorùbá.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi abẹ́rẹ́ ṣí Kíú nídìí, kẹ́!
ó gbé e kúrò nílé rẹ̀ lókè lápá òsì,
ó gbé e jókòó sórí rọ́bà Gí.
Ó wọlé bí ẹni tó ti ń gbébẹ̀ tẹ́lẹ̀.
"Kí ni Yorùbá fẹ́ fi Kíú ṣe?"

Owó ọkọ̀ àlọ, owó ọkọ̀ àbọ̀,
ohun tí mò ń wá sì wà lórí itan mi láti àárọ̀,
ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí ibi tó ṣófo.

Ẹgbẹ̀ta náírà ló gbà.
Ó fi ọ̀dà èékánná àbúrò rẹ̀ kọ Gí sí i lórí.

Lálẹ́, mo jókòó ti ìwé ìnáwó. Gí ń jẹ́ kíákíá,
àgbà padà di àgbà.
Mo dé ibi orúkọ ẹni tó gbowó.
Mo wo páálí kékeré tó fún mi.
Qudus.
Kíú ló fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ ara rẹ̀,
kò sì sọ fún mi.

Mo wá ìdí báírò.
Mo tẹ rọ́bà ìhòòhò náà. Ó dákẹ́.
Mo tún tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
ó jẹ́ mi.